Ewé mi ṣe sóònù 22 mm: ṣé oògùn ti dé nìyẹn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún àṣekágbá ni mo wà. Ewé efinrin àti ewé àsunwọ̀n òyìnbó ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lò. Mo sá wọn, mo lọ̀ wọ́n, mo rẹ wọ́n sínú methanol, irú ọtí kan tí láàbù ń lò, fún wákàtí 72, mo sì fa methanol náà kúrò. Mo lu kòtò tó fẹ̀ tó 8 mm sínú agar, oúnjẹ dídì tí a ń tẹ́ kòkòrò sí kó lè hù, mo bu 0.1 ml extract (ohun tí methanol fà jáde lára ewé) sí i, 200 mg nínú 1 ml. Efinrin ṣe sóònù, ìyẹn àyíká tó mọ́ tí kòkòrò ò ti hù, 22 mm lórí bakitéríà Staphylococcus aureus. Dísìkì ciprofloxacin (cipro), oògùn apakòkòrò, ṣe 28 mm. Lórí E. coli, efinrin ṣe 11 mm péré. Èyí tí mo fi omi lásán rẹ kò ṣe nǹkan kan lórí ìkankan.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ sí ìparí iṣẹ́ pé ewé yìí lè rọ́pò oògùn apakòkòrò. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá cipro dọ́gba, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó ta ewé fún mi ló wá dà mí lọ́kàn rú. Ó ní ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ ewé, pé omidùn ni wọ́n fi ń rẹ àgbo, tàbí kí wọ́n fún efinrin ní tútù. Ta ló tọ̀nà? Tí omi ò bá ṣe nǹkan kan, ṣé àgbo tí gbogbo ayé ń mu kò ṣiṣẹ́ ni?

* * *

Ìdáhùn

Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo wọn. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò nǹkan kan.

200 mg ló wà nínú 1 ml extract rẹ. O bu 0.1 ml sí kòtò. 20 mg nìyẹn, ìyẹn 20,000 µg. Dísìkì ciprofloxacin tí gbogbo láàbù ń rà, 5 µg ló wà lára rẹ̀. Ohun tó o dà sínú kòtò fi ìlọ́po 4,000 ju ti dísìkì lọ, síbẹ̀ dísìkì ṣì fi 6 mm jù ú. Tó o bá wá kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí á pa ìwé rẹ dé níbẹ̀.

Sóònù pàápàá kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára. Ohun tó ń mú un fẹ̀ ni bí nǹkan ṣe lè rìn tó nínú agar. Èròjà kékeré tó bá omi rẹ́ á rìn jìnnà; èyí tó tóbi tàbí tó jẹ́ ọlọ́ràá á dúró sí etí kòtò, ì báà jẹ́ òun ló lágbára jù. Agar tó o dà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á fún ọ ní sóònù ńlá, èyí tó nípọn á fún ọ ní kékeré. 4 mm ló yẹ kó nípọn mọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í wọ̀n ọ́n. Tí kòkòrò tó o tẹ́ sójú agar bá ti pọ̀ jù, sóònù á sún kì. Ọ̀nà dísìkì tí Bauer, Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 1966, oògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú ni wọ́n ṣe é fún. Àtẹ tó ń sọ fún wa pé 28 mm dára, 14 mm kò dára, ó bá bí oògùn náà ṣe ń pọ̀ tó nínú ara aláìsàn mu. Kò sí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ fún efinrin.

Nítorí náà, 22 mm rẹ ń sọ pé nǹkan kan wà nínú ewé náà tí Staphylococcus ò lè fara dà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó ìdí láti tẹ̀ síwájú.

O ò sì sọ ohun tó o fi tú extract náà ká. Tó bá jẹ́ DMSO ni, ìyẹn omi tí láàbù fi ń tú irú extract bẹ́ẹ̀ ká, kòtò tó ní DMSO nìkan dà?

* * *

Ọ̀rọ̀ ti gbóná. Àwọn kan ní mo ń tàbùkù ewé àwọn baba wa, pé ibi tá a ti ń ṣiyèméjì ni òyìnbó á ti gbé e lọ. Àwọn kejì ní ìtànjẹ ni gbogbo àgbo, kí oníkálùkù lọ ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Tu Youyou àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá oògùn ibà. Ewé qinghao wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ó ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Tu padà sídìí ìwé ìṣègùn tí Ge Hong kọ ní ohun tó ti lé ní 1,600 ọdún. Ìwé náà ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu oje rẹ̀. Kò ní kí a sè é. Ó fura pé iná ló ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́, ó wá fi ether, tó ń hó ní nǹkan bí 35°C, yọ ọ́. Lọ́dún 1971, extract yẹn pa kòkòrò ibà run lára eku àti ọ̀bọ. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún 2015.

Kòkòrò ibà kì í ṣe bakitéríà, mo mọ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé obìnrin yìí ka *bí* wọ́n ṣe ń lo ewé náà, kò dúró síbi orúkọ ewé nìkan. Àwa ń gba orúkọ ewé lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, a sì ń da gbogbo ohun tó kù tó sọ nù: ìgbà tí wọ́n ń já a, tútù tàbí gbígbẹ, ohun tí wọ́n fi ń pò ó, àìsàn tí wọ́n ń lò ó fún, ibi tí wọ́n ń fi sí lára. A wá lọ rẹ ẹ́ sí methanol, a fi dojú kọ kòkòrò tí kò kan àìsàn yẹn, a ní à ń ṣèwádìí oògùn ìbílẹ̀. Ibí yìí lọ́rọ̀ ti ń dùn mí.

* * *

Omidùn, nígbà náà.

Omi orí ọ̀gì tó ti kan ni. Bakitéríà tó mú ọ̀gì kan ti da ásíìdì lactic sínú rẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan, sì sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 4. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ò lè gbé inú nǹkan kíkan tó báyẹn. Ẹni tó bá rẹ ewé sí omidùn, tó bù ú sí kòtò, tó rí sóònù, tó wá ní ewé ló ṣe é, ó ti fún ewé ní iṣẹ́ ọ̀gì.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a dán an wò. Kòtò kan fún omidùn nìkan, òmíràn fún omidùn tí a rẹ ewé sí, àwo kan náà, kòkòrò kan náà. Kòtò méjèèjì ló mọ́ yí ká. A bu omidùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ń fi sodium hydroxide mú kíkan wọn kúrò ní ẹ̀kán ní ẹ̀kán títí pH fi dé 7, a tún wọn ṣe. Lọ́jọ́ kejì, Staphylococcus ti hù dé etí kòtò omidùn nìkan, ó ga, ó ń dán bí ọ̀rá tó dì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kòtò tó ní ewé ṣì ní àyíká kan tó mọ́, tín-ín-rín, kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ìwọ̀n tín-ín-rín yẹn ni ti ewé.

Ẹ má sì rò pé omidùn ò wúlò. Omi kíkan máa ń fa alkaloid, èròjà tó sábà máa ń korò, jáde lára ewé àti èèpo ju omi lásán lọ, torí inú omi kíkan ni alkaloid ti ń di iyọ̀ tó lè yòrò. Kíkan náà kì í sì í jẹ́ kí àgbo tètè bàjẹ́. Àwọn tó yan omidùn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àbúrò mi, tún iṣẹ́ rẹ ṣe pẹ̀lú omidùn, kó o fi omidùn nìkan ṣe kọ́ńtíróòlù, ìyẹn èyí tí wàá fi wé, kó o wọn pH, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ náà ń kọ́? Bákan náà: jẹ́ kí ọtí fẹ́ lọ kó o tó dán an wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọtí lo dán wò.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí omi ò fi ṣe nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé omi ni ìyá òun fi ń se àgbo.

Efinrin ò jọ ewé mìíràn. Òróró inú rẹ̀, èyí tó ń mú un ta sánsán, ló ń bá kòkòrò jà. Thymol ló sì pọ̀ jù nínú òróró ọ̀pọ̀ efinrin ilẹ̀ wa. Àwọn efinrin kan wà tó jẹ́ eugenol ló pọ̀ nínú tiwọn, nítorí náà ewé ti ìlú kan lè má ṣiṣẹ́ bíi ti ìlú kejì. Thymol kì í fẹ́ wọnú omi, bẹ́ẹ̀ ló máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ewé tó o sá sí oòrùn, o ti pàdánù nínú rẹ̀. Èyí tó o gbé sórí rotary evaporator, ẹ̀rọ tó ń fa methanol kúrò, o tún pàdánù. Èyí tó o sè láìbo ìkòkò, gbogbo ilé ló gbóòórùn rẹ̀, ohun tó sì ń run yẹn gan-an lò ń wá. Ibòòji ni kó o ti sá ewé rẹ. Ohun tó sàn jùyẹn lọ ni kó o yọ òróró náà lọ́tọ̀, kó o fi Tween 80 díẹ̀ pò ó kó lè bá omi dàpọ̀. Má sì kó kòtò òróró àti kòtò nǹkan mìíràn sínú àwo kan: ooru òróró ń fò lábẹ́ ìdérí, á bá ọ pa kòkòrò tó wà nídìí kòtò kejì.

Ẹ tún wo aáyù. Èròjà rẹ̀ tó ń pa kòkòrò, allicin, tí Cavallito àti Bailey yọ jáde lọ́dún 1944, kò sí nínú aáyù tí a kò tíì gún. Ìgbà tí a bá gún un ni èròjà méjì tó wà lọ́tọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pàdé, tí allicin fi ń jáde. Ẹni tó ju odindi aáyù sínú omi tó ń hó ti pa ọ̀kan nínú wọn kí ó tó rí ìkejì. Láàbù á kọ ọ́ pé "extract omi gbígbóná: òdo", àwọn èèyàn á sì máa rò pé aáyù ò ṣe nǹkan.

Ti E. coli rẹ: 11 mm, kòtò 8 mm. Yọ kòtò kúrò, 1.5 mm ló ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Má ṣe pariwo ìyẹn. E. coli àti Pseudomonas ní awọ kejì níta tí Staphylococcus ò ní, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń tú ohun tó bá wọlé síta. Ọ̀pọ̀ ewé ló ń já sí òfo lára wọn.

* * *

Àsunwọ̀n wo? Àsunwọ̀n òyìnbó ni Senna alata, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó nà sókè bí àbẹ́là. Àsunwọ̀n tí wọn ò fi òyìnbó kún lè jẹ́ Senna podocarpa. Ọ̀tọ̀ ni igi méjèèjì. Mú ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé àti òdòdó lọ sí Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ti ń dá ewé mọ̀ tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní gbígbẹ, ní Ìbàdàn tàbí ti yunifásítì rẹ, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó o dán wò.

* * *

Mo rí i pé ẹ ti ya sídìí làpálàpá, inú mi sì dùn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà.

Kí ni wọ́n ń fi àsunwọ̀n òyìnbó ṣe? Wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi pa làpálàpá. Bí ẹ bá ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ewé yìí, fọ́ńgọ́sì Candida albicans àti Aspergillus niger lẹ máa ń rí. Ìkankan nínú wọn kọ́ ló ń fa làpálàpá. Trichophyton, Microsporum àti Epidermophyton ni. Àwọn fọ́ńgọ́sì wọ̀nyí ń jẹ awọ òkè ara, irun àti èékánná, wọ́n sì máa ń pẹ́ hù. Lórí Sabouraud agar ní 25 sí 30°C, ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Candida ń hù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni kan sọ pé àkókò ò sí, owó ò sí, ìdánwò ti dé. Mo gbọ́. Síbẹ̀, ẹ̀ka awọ ara nílé ìwòsàn ńlá máa ń gba èépá ara aláìsàn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀gá rẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìyọ̀ǹda sì wà, wọ́n lè fún ọ ní Trichophyton tí wọ́n ti dá mọ̀. Fọ́ńgọ́sì kan ṣoṣo tó bá àìsàn náà mu sàn ju kòkòrò mẹ́wàá tí kò kàn án lọ.

Ohun mìíràn tó mú kí èyí yàtọ̀ ni pé ara òde ni wọ́n ń fi ewé náà sí. Oje ewé tó nípọn lè wà lójú làpálàpá fún wákàtí púpọ̀ láìgba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Orín ata náà bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń rún un láàárọ̀, eyín àti èrìgì rẹ̀ ló ń bá oje yẹn pàdé tààrà. Irú ìlò báyìí ni àyẹ̀wò inú àwo lè sọ nǹkan gidi nípa rẹ̀.

* * *

"Àgbo wo infẹ́ṣọ̀n mi sàn, kí la tún ń dán wò?"

Ẹ kú oríire, mi ò jiyàn pé ara yín yá. Ẹ jẹ́ ká wò ó síwájú sí i. Ká ní extract kan ń dí bakitéríà lọ́wọ́ bó bá tó 10 mg nínú 1 ml. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ló rí báyẹn. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi lítà 5. Kó tó lè pọ̀ tó báyẹn nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, 50 g extract gbígbẹ gbọ́dọ̀ wọlé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìka ti ẹran ara, láìka èyí tí ẹ̀dọ̀ máa túká. Kò sí ife àgbo tó lè ṣe ìyẹn. Nítorí náà, bó bá jẹ́ àgbo ló wò yín lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà mìíràn ló gbà: ó lè ti ran ara lọ́wọ́, ó lè ti dá ìgbẹ́ gbuuru dúró láìpa kòkòrò kankan. Ó sì ṣeé ṣe kí ara ti ń yá fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò inú àwo ò lè rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, kò sì tọ́ ká fi òdo inú àwo pe àgbo ní irọ́.

Ẹ ṣọ́ àgbo ìgboro o. Àwọn onímọ̀ wa ti rí bakitéríà inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, látinú omi, látinú ọwọ́, látinú ìgò tí wọn ò fọ̀ dáadáa. Èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC pàápàá, ẹ ka ara rẹ̀: ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ pé ó ń wò wò. Nọ́ńbà yẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti jẹ́rìí sí i pé ó ń wo àtọ̀sí sàn.

Lọ́dún 2019, kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ ló fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn lágbàáyé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń fẹ́ kí a rí nǹkan nínú ewé wa. Nítorí rẹ̀ náà ni mi ò ṣe fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kọ ọ́ pé efinrin lè rọ́pò cipro, kí ẹnì kan kà á, kó fi ọmọ tó ní táífọ́ọ̀dù sílé.

* * *

Bàbá kan tó ní òun ti ń fi ewé ṣe ìwòsàn tipẹ́ kọ̀wé pé láàbù ń ya ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ewé kì í dá ṣiṣẹ́, pé ọ̀kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Ọ̀pọ̀ bú wọn. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Igi Berberis ní èròjà kan, berberine. Staphylococcus aureus máa ń fi ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ NorA tú berberine jáde bó ṣe ń wọlé, nítorí náà berberine nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Lọ́dún 2000, Stermitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé igi kan náà tún ń ṣe èròjà kejì, 5'-methoxyhydnocarpin, tí kì í pa kòkòrò rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dí ẹ̀rọ náà. Bí méjèèjì bá wà pọ̀, Staphylococcus ò rí berberine tú síta mọ́. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tó dán ìkejì wò lóun nìkan, á kọ òdo sílẹ̀.

Bàbá, ẹ ṣé. Bí a ṣe ń dán ọ̀rọ̀ yín wò ni pé ká to ewé méjèèjì sínú àwo oníkòtò 96, ká máa bùlà ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, èkejì láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí gbogbo ìdàpọ̀ lè pàdé. Fún ewé kọ̀ọ̀kan, ká fi ìwọ̀n tó nílò nígbà tó bá dá ṣiṣẹ́ pín ìwọ̀n tó nílò nígbà tó wà pẹ̀lú èkejì; tí àròpọ̀ ìdá méjèèjì bá já sí 0.5 tàbí kó kéré sí i, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóòótọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà á.

* * *

Àtẹ "alkaloid +, tannin ++, saponin +" tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ irú èròjà tó wà nínú ewé: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewé tí kò ní ṣe plus nínú rẹ̀. Má fi ṣàlàyé sóònù rẹ. Tannin tiẹ̀ máa ń so mọ́ protein, ó lè fún ọ ní àbájáde tó dà bíi pé ewé ń pa kòkòrò. Ohun tó bá pa bakitéríà sì lè pa ẹran ara èèyàn. Omi ìfọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun ń pa gbogbo kòkòrò. Bí ẹ kò bá tíì dán extract wò lára sẹ́ẹ̀lì èèyàn tàbí ẹranko, ẹ má pè é ní oògùn.

* * *

Olùbéèrè padà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo tún un ṣe pẹ̀lú DMSO nìkan, kò ṣe sóònù kankan, ẹ ṣeun. Owó tó kù lọ́wọ́ mi ò pọ̀. Iná ò dúró níléèwé wa. Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni mo lè fi kún un, èwo ni? Kí sì ni kí n sọ fún ọ̀gá mi?

* * *

MIC. Ìwọ̀n tó kéré jù tí kòkòrò ò ti lè hù mọ́, nínú broth (omi oúnjẹ kòkòrò), láìfi agar ṣe. Níbẹ̀, kò sí pé èròjà kan rìn, òmíràn ò rìn.

Mueller-Hinton broth ni kó o lò. Extract rẹ ti wà ní 200 mg/ml nínú DMSO. Bùlà á nínú broth títí yóò fi di 4 mg/ml, kó o wá máa pín in sí méjì-méjì látìbẹ̀. Ti kòkòrò: ṣe é kó rú dọ́gba pẹ̀lú McFarland 0.5, omi rírú tí a fi ń díwọ̀n iye bakitéríà. Tí o kò bá ní owó láti rà á, po 0.5 ml barium chloride 1.175% mọ́ 99.5 ml sulphuric acid 1%, tọ́jú rẹ̀ síbi òkùnkùn, kó o máa mì í kó o tó fi wé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 bakitéríà ló wà nínú 1 ml irú omi bẹ́ẹ̀. Bùlà á ní ìlọ́po 150, kó o bu ìwọ̀n kan náà nínú rẹ̀ àti nínú extract pọ̀. Gbogbo nǹkan á di ìdajì: 2 mg/ml extract, DMSO 1%, bakitéríà nǹkan bí 500,000 nínú 1 ml. Ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Extract aláwọ̀ ewé ò ní jẹ́ kó o rí bóyá broth rú tàbí ó mọ́. Resazurin, aró búlúù kan, ni kó o fi sí i lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 18. Búlúù tó bá di pínkì, kòkòrò ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n extract mìíràn lè sọ resazurin di pínkì fúnra rẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí kòtò kan ní extract, broth àti resazurin láìsí kòkòrò. Kòtò kan fún kòkòrò àti DMSO 1%. Kòtò kan fún broth nìkan. Àwọn mẹ́ta yìí ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ já iṣẹ́ rẹ.

Lo E. coli ATCC 25922 àti S. aureus ATCC 29213 tí láàbù kan nítòsí bá lè fún ọ. Kòkòrò tó wá látara aláìsàn wúlò, ṣùgbọ́n tí èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ rẹ wé tẹlòmíràn. Tún un ṣe lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra, pẹ̀lú kòkòrò tuntun. Kòtò mẹ́ta nínú àwo kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la kà á sí. Ti iná: fi tẹmómítà sínú incubator, kọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé sílẹ̀, bí kòtò kòkòrò àti DMSO ò bá hù dáadáa, da àwo yẹn nù.

Kíka rẹ̀: àwọn onímọ̀ méjì, Ríos àti Recio, dábàá lọ́dún 2005 pé extract tó bá ń béèrè ju 1 mg/ml lọ, kí a má máa pariwo rẹ̀, pé èyí tó bá ṣiṣẹ́ ní 0.1 mg/ml tàbí kó kéré sí i ni kí a lé. Mo fara mọ́ ọn fún ohun tí a ń mu. Fún ohun tí a ń fi pa ara, ọwọ́ mi ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá rẹ, má bá wọn jiyàn níwájú èèyàn. Gbé ìṣirò 20,000 µg àti 5 µg kalẹ̀ sórí bébà kan, kó o kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kó o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó bóyá mo ṣì í ṣírò." Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á fúnra wọn yí gbólóhùn yẹn padà. Èyí tí màá kọ sí ìparí iṣẹ́ bó bá jẹ́ èmi ni: "Extract methanol ewé efinrin dí S. aureus lọ́wọ́ nínú agar ní 20 mg nínú kòtò. MIC rẹ̀ jẹ́ báyìí. A kò tíì dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì èèyàn tàbí lára ẹranko." Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn mú ọ.

Extract tó ṣẹ́ kù, rọ ọ́ sí ìgò kékeré tó ṣókùnkùn, pa á dé dáadáa, kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà herbarium sí i lára, kó o gbé e sí fíríìjì. Tí MIC bá jáde ní 0.5 mg/ml tàbí kó kéré sí i, kọ ọ́ síbí. Àwa kan wà níbí tá a lè bá ọ wá láàbù tó ní GC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń dá wọn mọ̀, ká lè mọ̀ bóyá thymol ló wà nínú efinrin tìrẹ tàbí eugenol.